Àbúrò tí Ìyá Àgbà Mi Rí Nínú Àpótí

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ ìyá àgbà mi, ohun mọ́kànlá ni mo gbọ́ tí àwọn ènìyàn sọ nípa rẹ̀. Mẹ́rin péré ni mo lè jẹ́rìí sí. Wọ́n ní kò bá ẹnikẹ́ni jà rí: irọ́ ni, ó jà dáadáa. Wọ́n ní ó ga: kò ga, gèlè rẹ̀ ló ga. Wọ́n ní kò fi ọ̀rọ̀ gún ẹnikẹ́ni lára láyé rẹ̀, àwọn tó sì ń sọ bẹ́ẹ̀ ń fọwọ́ pa ibi tó ti gún wọn. Ẹnì kan tilẹ̀ ní ó gbọ́ Faransé ju àwọn Faransé lọ. Èmi tí mo máa ń tẹ̀ lé e lọ sí ọ́fíìsì mọ̀ pé gbólóhùn Faransé mẹ́fà ló ní, ó sì máa ń lo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀kan náà ní ẹnu ọ̀nà: “Bonjour, pardon, merci, c'est comment, on va faire comment, à demain!” Lẹ́yìn náà á jókòó.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọ́n sọ wúyẹ́wúyẹ́, tí wọ́n sì ń wo apá ibi tí mo jókòó sí. Wọ́n ní Alhaja Sàlámátù wọ sàréè láìsí aṣọ tó gbé bọ̀ láti Mẹ́kà, nítorí pé ó ti fi ta ẹrúbìnrin kan lọ́rẹ, ẹrú tó ti kú láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Òótọ́ ni èyí. Mo wà níbẹ̀, èmi ni mo di etí kejì aṣọ náà mú. Àbúrò bàbá mi, tí à ń pè ní Bàbá Lásísì, kò fẹ́ dárí rẹ̀ jì mí, torí pé èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ ẹrú náà wọlé. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ kọ́ ni mo ń kọ, n kò mọ̀ ọ́n tán. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ kọ, pẹ̀lú ìwọ̀nba ohun tí mo gbọ́ tí mo sì gbà gbọ́.

Òṣùwọ̀n ni ìyá àgbà mi ń pè mí. Ó ní láti kékeré ni, bí wọ́n bá bu ẹran fún mi, mo máa ń wo ti ẹlòmíràn ná kí n tó dúpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ apá rẹ̀, nítorí apá yẹn ló fi jẹun. Aṣọ funfun ló ń tà ní ọjà Treichville, ní ìlú onífaransé tí a ń gbé: ti ìgbéyàwó, ti ìsọmọlórúkọ, ti ìsìnkú. Apá ló fi ń wọ̀n ọ́n. Á di etí aṣọ mú ní imú, á na ọwọ́ kejì gbọọrọ, ọ̀pá kan nìyẹn. Ìjọba ní kí gbogbo ọlọ́jà ní mítà onírin. Òun náà ní in, ó wà lára ògiri ìsọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yìn ló fi ń họ.

Lódìkejì ìsọ̀ rẹ̀ ni Alhaja Ràbíátù wà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn méjèèjì, ìyẹn ni pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí wọn ti wá. Treichville ni wọ́n bí wọn sí. Aṣọ funfun ni òun náà ń tà, apá lòun náà fi ń wọ̀n. Ohun tí ìyá àgbà mi sì fi gbogbo ogójì ọdún sọ ni pé apá Ràbíátù kúrú. Bí oníbàárà bá ti ibẹ̀ bọ̀, á ké sí i:

“Ẹ kú orí ire o! Bí ẹ bá délé tí kò bo ẹsẹ̀ yín, ẹ ká ẹsẹ̀ kò.”

Alhaja Ràbíátù náà kì í dákẹ́. “Sàlámátù, apá gígùn kọ́ la fi ń wọ Àlùjánà!”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ta ló máa bá ẹ kanlẹ̀kùn?”

Àwọn ọlọ́jà Dioula tó wà láyìíká, tí wọn kò gbọ́ Yorùbá, ti mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Ràbíátù kò bá wá, ìyá àgbà mi kì í lè parí attiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tó máa ń jẹ lọ́jà. Á ní ọjà tutù. Á ní kí n lọ wò ó bóyá obìnrin yẹn ti kú kí wọ́n má sì sọ fún òun.

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo pinnu láti parí ìjà náà. Mo mú mítà onírin, mo wọn apá àwọn méjèèjì, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láìsọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Apá Alhaja Ràbíátù kúrú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìka méjì péré ni. Mo gbé èsì yìí wá fún ìyá àgbà mi, mo ní ìka méjì kò tó ohun tí a ń fi ogójì ọdún jà lé lórí. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí owó ilé ìwé rẹ̀ ṣòfò.

“Ìka méjì péré? Òṣùwọ̀n, ìka méjì náà ló wà láàárín imú àti ẹnu, síbẹ̀ a kì í fi imú jẹun.”

Ohun kejì ni omi. Kò sí ẹni tó lè bá a sọ̀rọ̀ gidi tí kò bá tíì mu omi ilé rẹ̀. Ó ní ife oníke kan báyìí, aláwọ̀ ewé, tó ní ìdérí. Á fún àlejò, á fún ìyá ọkọ, á fún ọlọ́pàá. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan wá gé iná ilé wa nítorí wáyà ilé náà tí kò dára mọ́. Ó jókòó, ó mumi, ó dúpẹ́. Nínú ẹbí wa, wọ́n máa ń sọ pé ọkùnrin náà gbàgbé iṣẹ́ tó bá wá, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Kò gbàgbé. Ó gé iná náà. Ohun tí mo lè jẹ́rìí sí ni pé ó kí wa kó tó gé e, ó sì bẹ̀ wá lẹ́yìn tó gé e tán. Inú òkùnkùn ni a ti jẹun. Mo bi ìyá àgbà mi pé kí wá ni èrè omi náà.

Ó ní, “N kò fún un lómi kó má gé iná. Ẹni tó ti ọ̀nà dé kò tíì dé, àfi tó bá mumi.”

Aṣọ náà wá ńkọ́? Ẹni tó bá ti lọ sí Mẹ́kà nínú àwọn àgbàlagbà wa mọ àṣà yìí. Wọ́n máa ń ra aṣọ tí wọn yóò fi sin wọ́n níbẹ̀, wọ́n á rì í sínú omi Sámúsámù, wọ́n á sá a, wọ́n á sì gbé e wálé. Ìyá àgbà mi, tó ń ta aṣọ ìsìnkú fún gbogbo ayé, kọ̀ láti gé tirẹ̀ nínú igbá ara rẹ̀. Ó ní dókítà kì í fún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́. Mẹ́kà ló ti rà á, ẹyọ márùn-ún bó ṣe tọ́ sí obìnrin, ó sì wà nínú àpótí onírin lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, pẹ̀lú káńfọ̀, fún ohun tó ju ogún ọdún lọ.

Lọ́dọọdún, lẹ́yìn Iléyá, á kó o jáde, á sá a sórí okùn lókè ilé. Èmi àti rẹ̀ la máa ń ká a. Ó ní bá a ṣe máa ń ká a: etí sí etí, kò gbọdọ̀ kanlẹ̀, n kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ ilé ìwé nígbà tí mo bá dì í mú. Lọ́dún kan, aládùúgbò wa tuntun kan, Tantie Odile, rí i lórí okùn, ó wá bẹ̀ ẹ́ pé kó yá òun fún tábìlì ìgbéyàwó ọmọ òun, torí pé kò rí aṣọ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Mo rò pé yóò bínú. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

“Sọ fún un pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo máa lò ó. Bí mo bá lò ó tán, kó wá gbà á.”

Èmi kò túmọ̀ ìyẹn.

Bí ọ̀rọ̀ ẹrúbìnrin náà ṣe wọlé nìyí. Lẹ́yìn tí mo gba lísáńsì, oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, nínú ẹ̀kọ́ ìtàn, mo rí ibi kọ́ṣẹ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan ní Plateau. Iṣẹ́ mi ni láti máa kọ nọ́ńbà sára nǹkan. Ère ní nọ́ńbà, ìkòkò ní nọ́ńbà, àga tí mo jókòó lé náà ní nọ́ńbà. Lọ́jọ́ kan, àpótí kan dé láti ilẹ̀ Faransé, òun náà ti ní nọ́ńbà tirẹ̀. Eegun ènìyàn ló wà nínú rẹ̀.

Ohun tí ìwé rẹ̀ sọ kò ju ojú ìwé kan lọ. Obìnrin ni. Wọ́n gbé e láti etíkun wa níbí gẹ́gẹ́ bí ẹrú. Ó kú nílé dókítà òyìnbó kan ní ìlú èbúté kan lọ́hùn-ún, nígbà tó tó nǹkan bí ẹni ọgbọ̀n ọdún. Dókítà náà kò sin ín. Ó to eegun rẹ̀ pọ̀, ó gbé e kọ́ sínú yàrá tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ ní iye egungun ìhà tí ènìyàn ní. Nígbà tí dókítà kú, wọ́n sin òun. Obìnrin náà bọ́ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n tì í sínú dúrọ́ọ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí ojú fi ti àwọn ọmọ ọmọ wọn, tí wọ́n dá a padà. Kò sí orúkọ.

Àdéhùn kan bá a wá. Kí a tó lè sin ín, ìdílé kan, ìlú kan tàbí ẹgbẹ́ kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé àwọn gbà á, kí ọdún tó parí. Bí kò bá sí ẹni tó gbà á, àpótí náà yóò padà síbi tó ti wá. Ọ̀gá mi, Mesié Kouassi, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ń bójú tó ìwé gbogbo, kọ lẹ́tà sí àwọn ìlú etíkun. Wọ́n dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé inú igbó lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń kó ẹrú wá sétíkun, ọmọ àwọn kọ́. Àwọn ti inú igbó ní kí wọ́n bi àwọn ará etíkun. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Kò sí ẹ̀rí. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ ní ìpàdé, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo sọ ọ́.

Ó ku oṣù méjì kí ọdún parí ni mo sọ ọ́ nílé, lórí oúnjẹ, bí ẹni sọ̀rọ̀ ọ́fíìsì lásán. Ìyá àgbà mi gbé ọwọ́ kúrò nínú àwo.

“Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀?”

“Lọ́dọ̀ ta ni, Màmá?”

“Òkú tó wà ní ọ́fíìsì yín.”

“Kò sẹ́nì kan, Màmá. Inú sítọ́ọ̀ ló wà. Ẹ̀rọ amúlétutù wà níbẹ̀.”

“Mo ní ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní ẹ̀rọ amúlétutù.” Ó yíjú sí Bàbá Lásísì. “Lásísì, ṣé o gbọ́? Òkú tí a kì í jẹ́ kó sùn mọ́jú, ó ti sun igba ọdún níta, wọ́n wá ń fi atẹ́gùn fẹ́ ẹ.”

Mo ṣàlàyé fún un. Mo ní a kò mọ ìlú rẹ̀. Mo ní bí a bá fi í fún ẹni tí kò tọ́, àṣìṣe mìíràn la tún ṣe. Àlàyé náà dára. Mo ṣì gbà pé ó dára.

Ó ní, “Bí ẹnì kan bá ṣubú lójú títì níbí báyìí, ṣé o máa kọ́kọ́ bi í ní ìlú rẹ̀ kí o tó gbé e dìde?”

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó wọ ọkọ̀ ojú omi láti Treichville lọ sí Plateau. Ife aláwọ̀ ewé wà nínú báàgì rẹ̀. Bàbá Lásísì tẹ̀ lé wa láti dá a dúró, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe lójú ọ̀nà ni pé ó ń di báàgì náà mú fún un. Ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, ìyá àgbà mi tú gbólóhùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀. Mesié Kouassi dìde. “La vieille, bonne arrivée,” ó ní, ó kí ìyá àgbà káàbọ̀, ó sì fún un ní àga. Kò jókòó. Ó ní kí wọ́n mú òun lọ sọ́dọ̀ àlejò.

Wọ́n gbé àpótí náà sórí tábìlì. Ìyá àgbà mi, tí orúnkún rẹ̀ kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́ láti ọdún mẹ́wàá, di etí tábìlì mú, ó kúnlẹ̀. Ó pẹ́ kó tó kanlẹ̀. Gbogbo wa dúró.

“Ẹ kú ìrìn, Màmá. Ẹ kú ìrìn àjò. Ẹ kú ìyà. Ẹ má bínú pé a ò tètè wá pàdé yín.” Ó gbé ife omi síwájú àpótí náà, ó ṣí ìdérí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi mí léèrè, láìyí orí padà, “Wọ́n tó ẹni ọdún mélòó?”

“Nǹkan bí ọgbọ̀n, Màmá. Ohun tí ìwé sọ nìyẹn.”

“Ọgbọ̀n?” Ó na ọwọ́ sí wa. “Ẹ gbé mi dìde. Àbúrò mi ni.”

Èmi àti Bàbá Lásísì gbé e dìde. Bàbá Lásísì ń làágùn. “Màmá, igba ọdún ló ti kú! Ó dàgbà ju ìyá ìyá yín lọ.”

“Ẹni tó kú kì í dàgbà mọ́. Ọgbọ̀n ló wà. Mo ti lé ní ọgọ́rin. Èwo ni àgbà?”

“Bàbá wa kú ní ẹni àádọ́ta, Màmá. Mo ti pé ọgọ́ta. Ṣé mo ti di ẹ̀gbọ́n bàbá mi nìyẹn?”

Mo rò pé ó ti mú un. Ọ̀rọ̀ náà dúró ṣinṣin. Ìyá àgbà mi ń tún gèlè rẹ̀ ṣe.

“Bàbá rẹ ní ìwọ. Ẹni tí ẹnì kan ń pè ní bàbá, bàbá ni títí ayé. Eléyìí ńkọ́, ta ló ń pè é? Èmi tí mo wá ni màá mọ ohun tí màá pè é.”

Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti ń yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. A kò mọ̀ bóyá ó bímọ. Ìwé kò sọ. Ihò kan gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ níbì kan. N kò tíì rí i.

Mesié Kouassi mú fọ́ọ̀mù jáde, èmi ni mo wà láàárín tí mò ń túmọ̀. Ó kọ orúkọ, ó kọ àdúgbò. Ó dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé lien de parenté, ìyẹn bí ẹni tó fẹ́ gbà á ṣe bá òkú náà tan.

“Sọ fún un kó kọ ọ́: ẹ̀gbọ́n rẹ̀.”

Mo sọ ọ́. Mesié Kouassi bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. “La vieille, il faut une preuve.” Ẹ̀rí ló ń béèrè.

Ìyẹn kò sí lára mẹ́fà tó ní, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ọ.

“Preuve? Bi í fún mi: lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbé e lọ, ta ló bèèrè preuve lọ́wọ́ wọn?”

Mo túmọ̀ rẹ̀. N kò fi nǹkan kan kún un, n kò yọ nǹkan kan kúrò. Mesié Kouassi wo fọ́ọ̀mù náà pẹ́. Ó wá béèrè, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, pé níbo ni ìyá àgbà mi fúnra rẹ̀ ti wá. Ìyá àgbà mi yọ káàdì rẹ̀ jáde. Ọmọ bíbí Treichville ni, ṣùgbọ́n àlejò ni wọ́n kọ sára káàdì náà, àlejò sì ni wọ́n ti ń kọ síbẹ̀ láti ìgbà tó ti ń gbà á.

“Àlejò kan ló fẹ́ gba àlejò kan sílé,” ó ní. “Kí ló tún kù?” Ó wá yíjú sí mi. “Òṣùwọ̀n, ó wọ̀n àbí kò wọ̀n?”

Gbogbo wọn ń wò mí. N kò lè purọ́ fún un.

“Ẹ̀rí kò tó, Màmá,” mo ní. “Ṣùgbọ́n ẹ fọwọ́ sí i.”

“La vieille,” Mesié Kouassi mí kanlẹ̀, “on va faire comment?” Báwo la ṣe máa ṣe é?

“On va faire,” ìyá àgbà mi dá a lóhùn, pé a máa ṣe é. Ó fọwọ́ sí i, Mesié Kouassi sì lu òǹtẹ̀ lé e.

Bí iṣẹ́ ìsìnkú ṣe bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀gá kan yọjú láti ọ́fíìsì ńlá kan. Ó fẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n wá, ó sì fẹ́ kí a sọ obìnrin náà ní Ọbabìnrin Ọ̀sà. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ tó máa kà. Ìyá àgbà mi fún un lómi, ó gbọ́ ọ tán.

“Ẹ sọ fún ọ̀gá pé àbúrò mi ti ṣiṣẹ́ tó. Kí wọ́n má tún fún un ní iṣẹ́ ọba.”

Ó ku ọ̀la kí a sin ín ni ìyá àgbà mi fa àpótí onírin jáde lábẹ́ ibùsùn. Àáfà Jímọ̀, tí mọ́ṣáláṣí rẹ̀ wà ní òpópónà wa, wà níjókòó. Nígbà tó rí aṣọ tó jáde, ó fò dìde.

“Alhaja! Aṣọ Mẹ́kà! Ẹ kò mọ ẹ̀sìn tó ń ṣe.”

“Àáfà, nígbà tí mo ra aṣọ yìí, èmi náà kò bi aṣọ náà léèrè ẹ̀sìn rẹ̀.”

“Igbá yín kún fún aṣọ funfun lọ́jà. Ẹ gé níbẹ̀.”

“Ti ọjà jẹ́ ti oníbàárà. Àbúrò mi kì í ṣe oníbàárà.”

Bàbá Lásísì kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí ni Màmá fúnra rẹ̀ máa wọ̀ lọ́jọ́ tirẹ̀. Ó ní gbogbo ayé máa sọ pé àwọn ọmọ rẹ̀ sin ín bí ẹni tí kò lọ sí Mẹ́kà rí. Kì í ṣe eré. Ìyá àgbà mi gbé ọwọ́ lé e lórí.

“Lásísì, èmi ní ẹ̀yin tí ẹ máa wá aṣọ fún mi. Ọjà kò tíì tú.”

Àáfà Jímọ̀ jókòó padà, ó ronú. Ó ní òun kò lè kí ìrun sí òkú lára bí òun kò bá mọ̀ pé Mùsùlùmí ni. Ṣùgbọ́n òun lè kí i, kí òun sì dá a sínú ọkàn òun pé: bí ó bá jẹ́ Mùsùlùmí ni. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ àdúrà, ìgbà yẹn nìkan ni mo gbọ́ èyí tó gbà pé òun kò mọ ohun gbogbo.

A dì í ní òwúrọ̀. Eegun kò gba ààyè púpọ̀. Ìyá àgbà mi di etí kan mú, èmi di èkejì, etí sí etí, kò kanlẹ̀, mi ò sì sọ̀rọ̀ ilé ìwé. Aṣọ náà ṣẹ́kù, ó ṣẹ́kù púpọ̀. Alhaja Ràbíátù, tí ẹnikẹ́ni kò pè, ti wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn láti àárọ̀.

“Sàlámátù, gé e. Ìdajì tó o. Kí ìdajì kù fún ọ.”

Ìyá àgbà mi ń wé aṣọ náà lọ, ìpele lórí ìpele.

“Ẹni tí wọ́n ti gé ohun gbogbo mọ́ lọ́wọ́, èmi kò ní gé aṣọ mọ́ ọn lọ́wọ́.”

A kò pọ̀ níbi ìsìnkú. Àáfà kírun rẹ̀ pẹ̀lú “bí ó bá jẹ́” rẹ̀. Mesié Kouassi, ẹlẹ́sìn Kristi, wọ táì, ó sì gbàdúrà tirẹ̀ láìsọ ọ́ síta. Bàbá arúgbó kan dé láti ọ̀kan nínú àwọn ìlú tó ti kọ lẹ́tà pé kì í ṣe ọmọ àwọn. Ó ta omi sílẹ̀, ó ní “Yako,” ìyẹn ẹ pẹ̀lẹ́, ó sì dúró títí a fi bo ilẹ̀. Fọ́ọ̀mù ní ẹ̀gbọ́n ni ìyá àgbà mi, nítorí náà ohun tí agbẹ́kùúta kọ sára òkúta sàréè ni: ÀBÚRÒ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ìyá àgbà mi wò ó, ó ní ó tó.

Ìyá àgbà mi kú lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, lórí ẹní ìkírun rẹ̀. Bàbá Lásísì fa àpótí onírin jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ̀ pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Káńfọ̀ nìkan ló rùn jáde. Ó wò mí. Ìdáhùn tí ìyá àgbà mi fún un, pé òun ní ẹni tó máa wá aṣọ fún òun, kò wúwo tó mọ́ nígbà tí kò sí òun fúnra rẹ̀ níbẹ̀ láti sọ ọ́.

A ò tíì ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni nígbà tí Alhaja Ràbíátù wọlé. Ó ru igbá aṣọ funfun kan lórí, ní ọjọ́ orí rẹ̀ yẹn, láti ọjà dé ilé wa. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀ ọ́. Bàbá Lásísì ní kó sọ iye rẹ̀. Ó pòṣé, ó ní kó lọ jókòó. Mo gbé omi fún un nínú ife aláwọ̀ ewé. Ó mu ún tán kó tó sunkún, ó sì sunkún tán kó tó tú aṣọ.

Lẹ́yìn náà ló wọ̀n ọ́n. Ó di etí aṣọ mú ní imú, ó na apá rẹ̀. Bó bá ti na apá tán, á dúró díẹ̀, á fi ìka méjì kún un, kó tó gé. Ọ̀pá kan, ìka méjì. Ọ̀pá kan, ìka méjì. N kò sọ èsì tí mo rí fún un rí. Ìyá àgbà mi náà kì bá ti sọ fún un pé ìka méjì péré ni. Bàbá Lásísì rí i pẹ̀lú. Ó bojú wò mí, ẹnu rẹ̀ sì fẹ́ rẹ́rìn-ín kí omi ojú tó gbà á.

Nígbà tó dé ẹyọ karùn-ún, Alhaja Ràbíátù rí i pé mò ń wo ọwọ́ òun.

“Kí lò ń wò, Òṣùwọ̀n? Kó má baà débẹ̀ kó máa sọ fún àbúrò rẹ̀ pé apá mi kúrú.”